Tíṣà Ó-kù-díẹ̀ àti Ọmọ Ẹ̀bá Fèrèsé

Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ìtọ́jú ara, ẹ sì kú ìtọ́jú Màmá. Mo mọ̀ pé kí ẹ tó ka ìlà yìí tán ni Màmá á ti máa bi yín pé, "Kí ló ní? Ṣé ó ń jẹun?" Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mò ń jẹun, pé ẹ̀wù tí wọ́n rán sí mi kò tíì fún mi, pé mo sì ń sùn dáadáa láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Àìkú. Àwọn ọjọ́ yòókù, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀.

Wọ́n ti fún mi ní kíláàsì tèmi ní ilẹ̀ òkèèrè yìí. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà. Ó mọ́ tónítóní, pátákó rẹ̀ funfun, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé láti apá òsì, gbogbo àga ló dọ́gba, kò sí èyí tó ń mì. Ìṣirò ni mò ń kọ́ wọn, ọmọ ọdún mọ́kànlá sí méjìlá ni wọ́n. Kò sí ohun tí kíláàsì yìí kò ní, àfi ohùn ènìyàn.

Ẹ rántí pé nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ilé-ìwé tiwa bá ti tètè jáde, mo máa ń wá dúró dè yín lábẹ́ fèrèsé kíláàsì yín. Mo máa ń jókòó sórí bíríkì tó wà níbẹ̀, màá fi ẹ̀yìn ti ògiri tí oòrùn ti mú gbóná, màá máa gbọ́ yín. N kò ga tó ẹni tó lè yọjú wo inú ilé, etí nìkan ni mo fi mọ kíláàsì yín. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n dáadáa: bí ṣọ́ọ̀kì ṣe ń dún lára pátákó, bí ẹsẹ̀ àga ṣe ń wọ́ nílẹ̀, bí ẹnì kan ṣe máa ń dáhùn tí kò ní gbà á, tí ẹ ó sì sọ pé, "Ó kù díẹ̀." Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ á pa. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí n tó tún gbọ́ nǹkan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹnì kan á sọ̀rọ̀, òmíràn á já lù ú, kó tó pẹ́ gbogbo wọn á ti máa jiyàn bí ẹni tó fẹ́ pín ilé bàbá wọn. Bí ẹ bá wá jáde, ẹ ó dì mí lọ́wọ́ mú, ọwọ́ yín á gbẹ, á rí hóróhóró nítorí ṣọ́ọ̀kì. Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá fọwọ́ kan ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ọwọ́ yín ni mo máa ń rántí.

Àwọn ọmọ tèmi kì í jiyàn. Mo béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n wo ilẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì ni pé ọmọ tí ẹ̀rù àṣìṣe ń bà kì í fi ọpọlọ rẹ̀ ronú, ó ń fi í wá ibi tí yóò fara pamọ́ sí. Mo ti wá fojú ara mi rí i. Bí mo bá béèrè ọ̀rọ̀, ẹni tó mọ ìdáhùn rẹ̀ jù lọ ló máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan nínú báàgì.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọmọbìnrin kan tó ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Òun náà ti ìlú mìíràn wá bíi tèmi. Láti ìgbà tó ti dé, kò tíì sọ gbólóhùn kan sókè nínú kíláàsì rí, bẹ́ẹ̀ ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rojọ́ ní pápá. Ọ̀gá ilé-ìwé wa jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń rìn bí ẹni tí bàtà ń fún. Ó ní bí ọmọ náà kò bá tíì sọ̀rọ̀ títí táàmù yìí fi máa parí, wọn á gbé e lọ sí ilé-ìwé kan ní òdì kejì ìlú, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé. Ẹ̀kọ́ ń yé ọmọ yìí, Bàbá. Ọ̀gá ní òun á wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìsinmi, kí òun fi etí ara òun gbọ́.

Kí ni ẹ máa ń ṣe tí tiyín fi ń sọ̀rọ̀? Ẹ má fi tẹlifóònù dá mi lóhùn. Mo mọ̀ pé ó ń hó mọ́ yín létí, ẹ ó kàn máa dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí ohun tí ẹ kò gbọ́. Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀.

Èmi ọmọ yín tí ẹ ń pè ní Oníbéèrè.


Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹwàá

Oníbéèrè mi,

Lẹ́tà rẹ dé, ó bá wa ní àlàáfíà. Màmá rẹ ní kí n kọ́kọ́ kọ ti òun kí n má baà gbàgbé. Ó ní ẹ̀wù tí kò fún ọ yẹn, òun ló mọ̀ọ́mọ̀ rán an tóbi, nítorí òun mọ ọmọ tí òun bí. Ó ní kí o fi fọ́tò ara rẹ ránṣẹ́. Èyí tí o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, àga àti tábìlì ló kún inú rẹ̀. Ó gbé e han àwọn aládùúgbò, wọ́n bi í bóyá iṣẹ́ káfíńtà lo wá lọ kọ́ lọ́hùn-ún.

Èmi náà ní ẹjọ́ tèmi. Gbogbo ìgbà òjò lo fi dákẹ́. Ìgbà tí kíláàsì takú lo wá rántí pé o ní bàbá tó jẹ́ tíṣà. N kò bínú, mo kàn ń fi tó ọ létí ni. Ká sọ tòótọ́, inú mi dùn nígbà tí mo ka ìbéèrè rẹ. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì, ohun tí gbogbo ènìyàn ń bi mí ni bóyá mo ti lo oògùn mi.

Jókòó, kí o gbọ́. Ohun tí kì í jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀ ni ohun tí yóò gbọ́ lẹ́yìn tó bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tíṣà tó wà ní kíláàsì ẹ̀gbẹ́ tèmi máa ń ní kí gbogbo ọmọ hó lé ẹni tó bá ṣì í lórí. Ariwo ọ̀hún á gba ara ògiri wọlé tọ̀ wá wá. Mo máa ń wo àwọn ọmọ tèmi nígbà tí ariwo náà bá dé. Wọn kò hó lé wọn lórí, ẹlẹ́gbẹ́ wọn ní yàrá kejì ni wọ́n hó lé, síbẹ̀ gbogbo wọn á ká ejìká jọ bí ẹyẹ tí òjò pa. Ọjọ́ kan ni mo pinnu pé "rárá" kò ní jáde lẹ́nu mi mọ́ níwájú ọmọ tó bá dáhùn ìbéèrè.

Ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè kàn dákẹ́ sí ìdáhùn tí kò gbà. Mo wá ọ̀rọ̀ kan tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀. Wo "ó kù díẹ̀" dáadáa. Kò ní ọmọ náà ṣì í. Ó ní ọmọ náà ti rìn dé ibì kan, ọ̀nà ló ṣẹ́kù fún un láti rìn. Ẹni tí o bá bá sọ̀rọ̀ báyìí á tún gbé ẹsẹ̀ sí i. Mo tún máa ń ṣọ́ ohùn mi. Mo máa ń sọ ọ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń tọ́ka ilé han àlejò, kì í ṣe bí ìgbà tí adájọ́ bá ń ka ìdájọ́.

Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n fi sọ mí lórúkọ. Ìwọ náà mọ̀. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá lójú títì, ẹnì kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun á ké sí mi pé, "Tíṣà Ó-kù-díẹ̀, ẹ káàsán o." Inú mi á dùn títí màá fi délé. Nítorí náà, lo ọ̀rọ̀ yẹn. Fi èdè ibẹ̀ sọ ọ́ fún wọn, kí o sì kọ̀wé wá ròyìn. Ti ọmọ ẹ̀bá fèrèsé yẹn jẹ mí lógún.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kọkànlá

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Fọ́tò wà nínú lẹ́tà yìí. Ẹ sọ fún Màmá pé kò sí àga kankan níbẹ̀, àyàfi èyí tí mo jókòó lé.

Mo lo ọ̀rọ̀ yín. Mo túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí èdè ibí, mo sì fi ṣe ìdánrawò níwájú dígí. Ọmọkùnrin kan dáhùn ìbéèrè, kò gbà á. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní ó kù díẹ̀. Ó wo aago ara ògiri. Àwọn yòókù náà wo aago. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé wọn sínú báàgì. Àṣé ní èdè ibí, bí tíṣà bá ti ní ó kù díẹ̀, àkókò ló ń sọ. Ó ń sọ pé agogo ti fẹ́ lù. Mo ní kí wọ́n kó ìwé wọn síta, wọ́n kó o síta. Ọ̀rọ̀ náà sì ti mọ́ mi lẹ́nu, mo tún sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, wọ́n tún kó ìwé wọlé. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kíláàsì tèmi ló ń kọ́kọ́ dé ẹnu géètì.

Mo lè máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n kò pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, nítorí ọmọ ẹ̀bá fèrèsé. Ó ti na ọwọ́ sókè. Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ o, ìka méjì péré, bí ẹni tó ń wò ó bóyá òjò ti ń kán. Kí n tó pè é, mo ti sọ ọ̀rọ̀ yín fún ọmọ tó wà níwájú rẹ̀, gbogbo ilé sì ti ń di ẹrù. Ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ padà sábẹ́ tábìlì. Láti ọjọ́ yẹn, kò nà án mọ́.

Inú ń bí mi, n kò mọ ẹni tí mo ń bínú sí, nítorí náà màá sọ ohun kan fún yín tí n kò sọ rí. Bàbá, orúkọ tí àwọn ọmọ sọ yín kì í ṣe Ó-kù-díẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ń pè lójú yín. Bí ẹ bá ti kọ ẹ̀yìn, níwájú bíríkì tí mo ń jókòó sí, Ó-kù-díẹ̀-káàtó ni wọ́n ń pè yín. Wọ́n á ní, "Káàtó ń bọ̀, ẹ jókòó." Bí ẹnì kan bá gbá bọ́ọ̀lù tí kò wọlé, gbogbo wọn á ní káàtó. Ẹ̀yin ń sọ fún wọn pé ọ̀nà ló kù, àwọn ń gbọ́ pé àwọn kò tó nǹkan. Mo fi pa mọ́ láti kékeré, nítorí mo mọ bí ẹ ṣe máa ń gbé orí sókè bí wọ́n bá kí yín lójú títì.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń la ọmọ lẹ́nu. Ohun mìíràn wà tí ẹ ń ṣe nínú ilé yẹn, tí èmi tí mo wà níta kò rí. Ẹ bá mi rò ó. Ọ̀sẹ̀ tí ọ̀gá fẹ́ wá ti ń sún mọ́lé.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kọkànlá

Bàbá mi,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ìgbàkígbà tí lẹ́tà yìí bá bá yín.

N kò tíì rí èsì. Mo pe tẹlifóònù, Màmá gbé e, wọ́n ní ẹ ti jáde. Mo tún pè lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ẹ ti jáde. Ibo ni ẹ ń lọ? Bí ọ̀rọ̀ káàtó yẹn bá dùn yín, ẹ bá mi wí sínú lẹ́tà, kí n rí i kà. Ìbáwí yín sàn fún mi ju ìdákẹ́ yín lọ. Ìdákẹ́ tí mo ń rí ní ibi iṣẹ́ ti tó mi.

Níbí, nǹkan ti yí padà díẹ̀. Mo ti ń jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ sọ ìdáhùn rẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó tó sọ ọ́ sí etí gbogbo kíláàsì. Ìdí tí mo fi ṣe é ni pé àṣìṣe tí ẹnì kan ṣoṣo gbọ́ kò wúwo tó èyí tí ọgbọ̀n ènìyàn gbọ́. Mo mọ̀ pé nígbà tiyín, ìjókòó-rojọ́ ni wọn ì bá pè é, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn mélòó kan ti ń sọ̀rọ̀. Ọmọ ẹ̀bá fèrèsé pàápàá ń sọ ọ́ fún ẹnìkejì rẹ̀, mo ń rí ètè rẹ̀ bó ṣe ń mì. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti yíjú sí i báyìí, tí mo rẹ́rìn-ín sí i pé kó máa bá a lọ, ó pa ẹnu dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá

Ọmọ mi,

Èmi màmá rẹ ni mo jókòó kọ èyí fúnra mi, nítorí náà má wo ti ọwọ́ ìkọ̀wé. Abẹ́rẹ́ ló mọ́ mi lọ́wọ́, kì í ṣe bírò.

Fọ́tò dé. O ti rù. Má jiyàn, mo wò ó lójú oòrùn.

Kí lo kọ sí bàbá rẹ? Ó ka ìwé rẹ lórí àga rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó tún un kà, kò wá rẹ́rìn-ín mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti jẹun ọ̀sán tán, ó di ọ̀dọ̀ agẹrun tó wà ní kọ́nà. Ó ti gẹrun lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí lẹ́tà rẹ ti dé. Irun wo? Ìwọ náà mọ orí bàbá rẹ. Mo ní, "Tíṣà, kí lẹ ń wá lọ́hùn-ún?" Ó ní òun ń ṣe ìwádìí. Mo ní, "Ìwádìí ibi tí irun gbà lọ ni àbí?" Ó gbé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Ara rẹ̀ yá, má ba ara rẹ nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé o bú u, tètè bẹ̀ ẹ́. Kì í gbin, ṣùgbọ́n mo ti bá a gbé pẹ́ tó láti mọ ìgbà tí nǹkan bá wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ń nu awò ojú rẹ̀ ṣáá, ó ń nu èyí tó ti mọ́.

Kí o jẹun.

Màmá rẹ.


Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá

Oníbéèrè mi,

Má bínú pé mo pẹ́. Màmá rẹ ti kọ ìwé ẹjọ́ sí ọ. Kò sọ fún mi, ṣùgbọ́n mo rí i pé sítáǹpù ti dín nínú dúrọ́ọ̀.

Kọ́kọ́ gbọ́ ti káàtó. Ṣé o rò pé n kò mọ̀ ni? Fèrèsé tí ìwọ jókòó sábẹ́ rẹ̀ níta, èmi ni mo dúró tì í nínú ilé. Mo ti gbọ́ káàtó kí o tó mọ̀ ọ́n pè. Tíṣà tó ń ní kí wọ́n hó náà gbọ́ ọ, ó ní kí n wá ẹni tó dá a sílẹ̀, kí n nà án kó dáa. Mo bi í pé, bí mo bá na ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní pápá, ta ló máa láyà láti ṣì í níwájú mi nínú kíláàsì? Ọmọ tó lè fi tíṣà ṣe ẹ̀fẹ̀ ti kúrò lẹ́ni tó ń bẹ̀rù rẹ̀. Mo fi káàtó sílẹ̀ fún wọn. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú lẹ́tà rẹ ni pé èmi náà ń fi pa mọ́ fún ọ, kí o má baà rò pé wọ́n ń bú bàbá rẹ. Mélòó ni ọjọ́ tí a jọ rìn dé ilé, tí mo dì ọ́ lọ́wọ́ mú, tí a sì jọ gbé ọ̀rọ̀ kan náà sínú?

Apá kejì lẹ́tà rẹ ló dá mi dúró. O ní ohun mìíràn wà tí mo ń ṣe. Mo rò ó títí, n kò rí i. Mo tilẹ̀ lọ sí ilé-ìwé náà, mo ní kí ẹ̀ṣọ́ jẹ́ kí n wọlé. Wọ́n ti fi òdà mìíràn kun kíláàsì wa, wọ́n ti yọ pátákó àtijọ́, bíríkì rẹ kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo dúró síwájú, níbi tí mo máa ń dúró sí, mo ń retí kí ara mi rántí ohun tí ọkàn mi gbàgbé. Ẹsẹ̀ ló kàn ń dùn mí.

Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ agẹrun lọ. Ọmọ kíláàsì mi ni nígbà náà, ọ̀kan lára àwọn tí kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rárá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, oníbàárà pọ̀, ó ní òun kò rántí nǹkan kan, mo gẹrun kí n lè rí i bá sọ̀rọ̀. Mo tún padà lọ, mo tún gẹrun. Ó pa ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Tíṣà, mo ti rántí. Awò ojú yín ni."

Mo ní, "Kí ló ṣe é?"

"Ẹ ó ti sọ pé ó kù díẹ̀, àbí? Ẹ ó wá bọ́ awò ojú, ẹ ó máa fi etí ẹ̀wù nù ún."

"Eruku ṣọ́ọ̀kì ni mò ń nù."

"A mọ̀ pé ṣọ́ọ̀kì ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti bọ́ ọ, ẹ kì í mọ èmi yàtọ̀ sí àpótí. Gbogbo wa la mọ̀. Ìgbà yẹn la máa ń sọ̀rọ̀. Ẹ ò rí ẹni tó ń sọ ọ́, ẹ ò rí ẹni tó ṣì í. Kí ẹ tó dá a padà sójú, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí àárín ilé, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni ín mọ́."

"Ìyẹn ni pé ìgbà tí n kò ríran lẹ kọ́ ìṣirò."

"Ṣé kí n mú ẹ̀gbẹ́ ibí yìí kúrò díẹ̀ sí i, Tíṣà?"

Mo bi aránbàtà, mo bi obìnrin tó ń ta ìwé ìròyìn lẹ́nu ọ̀nà bánkì. Àwọn náà jókòó nínú kíláàsì yẹn. Ohun kan náà ni wọ́n sọ, aránbàtà tilẹ̀ ṣe àfihàn bí mo ṣe máa ń fẹ́ èémí sí dígí náà kí n tó nù ún.

Mo ti wá ń ro èdè wa. A kì í sọ pé ẹnu tì mí. A kì í sọ pé etí tì mí. Ojú ló ń tì wá. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí ìtìjú ń gbé. Ọmọ rẹ yẹn, kì í ṣe àṣìṣe gan-an ló ń bẹ̀rù. Ojú tí yóò wà lára rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣì í ló ń bẹ̀rù, ojú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, àti tìrẹ pàápàá. O ní bí o bá ti yíjú sí i tí o rẹ́rìn-ín, ó máa ń pa ẹnu dé. Inú rere lo fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ojú náà ni.

O kò lo awò ojú, n kò sì ní kí o lọ rà á. Wá ibi tí wàá máa gbé ojú rẹ sí.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejìlá

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ agẹrun, kí ẹ sì jẹ́ kí orí yín sinmi.

Mo gbé ojú mi sí pátákó. Bí ọmọ kan bá sọ ìdáhùn, ìyówù kó jẹ́, mo máa kọ ọ́ síbẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, láìfi orúkọ sí i. Lẹ́yìn náà màá kẹ́yìn sí wọn, màá máa wò ó bí ẹni tó ń ka lẹ́tà láti ilé. Ojú gbogbo wa á wà lára ìdáhùn, kò ní sí ojú tó ń wo ẹni tó sọ ọ́. Màá sì dúró. Bàbá, iṣẹ́ ńlá ni láti dúró. Ẹ̀yìn mi ń yún mi, ọrùn ń fà mí, gbogbo ara ń sọ pé kí n yíjú padà kí n ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ní Ọjọ́rú, ọ̀gá wá. Ó jókòó sẹ́yìn lórí àga ọmọdé, orúnkún rẹ̀ ga dé àyà. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ni pé kí wọ́n fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún ìdajì, kí wọ́n sọ ohun tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹnìkejì wọn. Lẹ́yìn náà mo kọjú sí pátákó, mo ní kí ẹni tó bá ti rí nǹkan sọ ọ́.

Ohùn kan ní, "Ìdá méjì nínú márùn-ún."

N kò gbọ́ ohùn náà rí nínú kíláàsì yẹn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin mọ bó ṣe rí i: ó fi kan kún kan lókè, ó fi méjì kún mẹ́ta nísàlẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́ ní ìlà iwájú. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, mo mú dọ́sítà kí n lè nu ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, kí àyè wà fún ìdáhùn mìíràn.

"Ẹ má tíì pa á rẹ́."

Èdè ibí kò ní "ẹ" àti "o", ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe àgbà àti ọmọdé. Èmi ni mo fi "ẹ" sí i, nítorí bó ṣe sọ ọ́.

Mo ní, "N kò pa á rẹ́. Kí ló dé?" Mo ṣì kẹ́yìn sí i.

"Ìdá méjì nínú márùn-ún kò tó ìdajì."

"Ẹn-hẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ìdajì la ní tẹ́lẹ̀, a sì fi nǹkan kún un. Báwo ló ṣe máa wá kéré sí i?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹni tó wà ní ìlà iwájú ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní ká gé gbogbo rẹ̀ sí mẹ́fà. Ọmọ ẹ̀bá fèrèsé bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́fà, kí ló ṣe mẹ́rin. Òmíràn ní mẹ́rin kò ní ṣeé pín sí mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti tábìlì kan sí èkejì, mo sì rí i pé kò sí ohun tí wọ́n ń fi mí ṣe níbẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ni mo tó yíjú padà. Ọmọbìnrin náà ti dìde dúró, ó fi ọwọ́ kan di etí tábìlì mú. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé ti na ọwọ́ sókè, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ náà rí i.

Ó ní, "Ẹ dúró ná, mi ò tíì parí."

Ọ̀gá sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí agogo lù, àwọn ọmọ jáde, ọ̀gá sì dúró dè mí. Lẹ́nu ọ̀nà ló tó rọra bi mí bóyá ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà ni ìdáhùn rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun náà rò bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ká má yọnu, kí ọmọ náà dúró sọ́dọ̀ wa.

Ìṣòro tó kù ni pé ọmọ yìí ti wá ń sọ̀rọ̀ jù. Lánàá, mo ní kó dákẹ́ díẹ̀ kí àwọn yòókù lè ráyè. Ó kàn rẹ́rìn-ín.

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ ní mo ti sanra.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá

Oníbéèrè mi,

Lẹ́tà rẹ dé láàárọ̀, mo kà á sí etí màmá rẹ. Ó ní kí n padà síbi tí ọ̀gá ti sọ ọwọ́ kalẹ̀, mo padà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí o bá òun wọn ejìká ọmọ yẹn, àti gígùn apá rẹ̀. Mo ní ọmọ ọlọ́mọ ni. Ó ní ta ló bi mí.

Mo ti fẹ́ fi lẹ́tà yìí kí ọ nìkan, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà ní ìparí tìrẹ tí n kò lè gbójú fò. O ní o sọ fún un pé kó dákẹ́ díẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín lo fi sọ ọ́, mo sì mọ̀ pé àwọn yòókù nílò àyè. Síbẹ̀, jọ̀wọ́, má tún sọ ọ́ mọ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu kò ní gbọ́ "díẹ̀" tó wà níbẹ̀, "dákẹ́" ni yóò mú lọ sílé. Ẹ̀rín tó rín yẹn, lọ tún un rò dáadáa.

Sọ fún un pé, "Jẹ́ ká gbọ́ ti ẹnìkejì rẹ." Yóò dákẹ́ bákan náà. Ṣùgbọ́n nínú ìdákẹ́ ti àkọ́kọ́, ara rẹ̀ ni yóò máa wò. Nínú èyí, ẹlòmíràn ni yóò máa gbọ́.

Bí ẹ bá wọlé lẹ́yìn ìsinmi, ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ ṣe, kó tó di ìṣirò.

Bàbá rẹ.